Bí Táyà Bá Tẹ Yangí: Ìbéèrè Yín Nípa Gígun Kẹ̀kẹ́ Jáde ní Òṣogbo

Ẹ kú àtijọ́ o. Lóṣù tó kọjá ni mo sọ fún yín bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ láti Òṣogbo dé Ìgbájọ láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ títì ọlọ́dà. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wọlé wọ̀ọ́. Mo ka gbogbo wọn. Àwọn tí mo mú wá síbí yìí ni ọ̀rọ̀ wọn kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí: Station Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà sí ojú irin. Ọdún mọ́kàndínlógójì rèé tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi. Ẹ̀yìn Raleigh dúdú wọn ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí mọ́tò kò mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ogún ọdún ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìrèé. Lórí fóònù ni mo ti rí irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń rin ọ̀nà olókùúta, tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Owó rẹ̀ ju owó ilé-ìwé mi lọ. Ṣé dandan ni kí n ra irú rẹ̀ kí n tó lè gun ọ̀nà yangí? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ìrèé

Kò di dandan, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́ tí o rí yẹn fún ọ, kí o lè mọ ohun tí wọ́n ń gbowó lé. Fìrémù rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré-ìje, àmọ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún táyà tó fẹ̀, láti mílímítà 40 dé bíi 50. Bíréèkì aláwo ló ní, ẹrẹ̀ kì í sì í tètè borí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀. Ó ní gíà tó rọ̀ tó láti fi gbé ẹrù gòkè. Ní ti ọwọ́ tó ká bí ìwo àgbò yẹn, ohun tó wà fún ni pé kí èèyàn lè máa pààrọ̀ ibi tó ń dì mú, kí èjìká má baà gan. Kẹ̀kẹ́ tó dára ni. Mo ti gun ún rí, ó sì wù mí.

Ṣùgbọ́n wo àwọn kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe fún orí òkè, tó kún ìta ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Wíìlì íńṣì 26 ni, táyà wọn sì sábà máa ń jẹ́ íńṣì 1.95, ìyẹn bíi mílímítà 50. Táyà tí yangí ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí owó ọwọ́ rẹ kò bá pọ̀, táyà ni kí o kọ́kọ́ ná an lé, kí o tún bíréèkì ṣe tẹ̀ lé e, kí o wá wo gíà gbẹ̀yìn. Má náwó sórí ọ̀dà tó ń dán.

Inú afẹ́fẹ́ táyà ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn fọkanáísà wa a máa fún táyà kẹ̀kẹ́ títí yóò fi le gbandi, wọ́n gbà pé líle ni dídára. Gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ bọ́ sójú yangí, kẹ̀kẹ́ á máa jó lábẹ́ rẹ, eyín rẹ á máa gbá ara wọn, wíìlì ẹ̀yìn á sì máa yọ̀ bí o bá ń gòkè, nítorí orí òkúta nìkan ni táyà ń tẹ̀, kò dìlẹ̀ mú. Jọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70, tó ń lo táyà 1.95 tó ní tíúbù nínú, bíi páùn 35 ti tó o. Bí o kò bá ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n, fi àtàǹpàkò tẹ àárín táyà. Ó yẹ kó wọlé díẹ̀ bí ìgbà tí o tẹ ọsàn tó ti pọ́n. Bó bá wọlé bíi búrẹ́dì, ó ti rọ̀ jù. Ọjọ́ tí o bá fi lu òkúta, ríìmù á fún tíúbù mọ́lẹ̀, á sì dá ihò méjì sí i tó dojú kọra bí ojú eyín ejò. Mo ti lẹ irú ihò bẹ́ẹ̀ títí, ó ti sú mi.

Ohun kan tún kù. Kí o tó sanwó tòkúnbọ̀, dojú kẹ̀kẹ́ náà délẹ̀ nínú oòrùn, kí o fi èékánná tọ gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, àgàgà abẹ́ ibi tí ọwọ́ ti wọ fìrémù. Bí o bá rí ìlà tín-ín-rín kan tí ìpẹtà ń yọ jáde nínú rẹ̀, fi owó rẹ sápò. Mo ti ra fìrémù kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó, tó kun ọ̀dà tuntun bo irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ti já sí méjì lábẹ́ mi. Ọdún kan gbáko ni apá òsì mi fi ń ro mí bí òjò bá ṣú. Nítorí náà ni mi ò ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún. Láti Ògo-Olúwa dé Oláìyá nìkan ni mo gun kẹ̀kẹ́ dé rí. Ọ̀nà wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé? Ṣé mo sì lè gun ún gba inú Igbó Ọ̀ṣun? – Ìyá Ọ̀pẹ́, Òṣogbo

Ẹ kú ìgboyà, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti Igbó Ọ̀ṣun, torí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fà á síbẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ wọlé. Ojúbọ ni. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú wa gbé kalẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń ta pẹ́dálì kò lè rí wọn dáadáa. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Fún Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀nà Ẹdẹ ni mo fẹ́ fún yín, kì í ṣe títì ńlá o, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń wí. Ẹ gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ kọrí sí Ọ̀fàtẹ̀dó, kí ẹ béèrè Ìdó-Ọ̀ṣun. Níbẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn là sílẹ̀ wà, ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ salalu. Láti ibẹ̀, ọ̀nà oko ló kù: ilẹ̀ pupa, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ewúrẹ́ tó dúró sáàárín ọ̀nà bíi pé òun ló là á. Kò sí òkè tó lè yà yín lẹ́nu.

Ẹni tí ẹ óò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ojú títì ló máa darí yín padà sí, torí ibẹ̀ ló ti ń rówó. Ìyá tó ru igbá tàbí tó so ẹ̀gẹ́ mọ́rí tó ń bọ̀ láti oko ni kí ẹ bi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó kí wọn. Mo tún un sọ: ẹ sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ kú oko o, mà. Ọ̀nà wo ni ẹsẹ̀ ń rìn lọ sí Ẹdẹ?” Ẹni tó ru ẹrù mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lè dá èèyàn lókùnrùn, ó mọ ibi tí omi ti gbẹ́ ọ̀nà, ó mọ ibi tí a lè gbà yẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá fi èyí kún un: “Ṣé afárá rẹ̀ ṣì wà?” Ìbéèrè kejì yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìrìn òfo ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Fóònù á fi ọ̀nà hàn yín tó ti di igbó láti ọdún mẹ́ta. Ìyá elẹ́rù kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, pàápàá bí ẹ bá kí wọn dáadáa.

Ẹ mọ ìdí tí Ẹdẹ fi wà níbi tó wà? Ìtàn sọ pé Aláàfin Kòrí ló rán Tìmì Àgbàlé, ọdẹ àti jagunjagun, pé kó lọ tẹ̀dó síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń tọ̀ lọ sí Bìní. Ọ̀nà ló bí ìlú náà. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá dé etí odò Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún tí mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi: àwọn tó ru ẹrù, àwọn tó gun ẹṣin, àwọn ọmọ ogun, gbogbo wọn ti gba agbègbè yìí kọjá. Bí ẹ bá dé iwájú ààfin, ẹ rántí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó mọ ìlù dùndún lù débi tí òkìkí rẹ̀ fi kọjá òkun. Ẹ jẹ àmàlà níbẹ̀, ẹ sinmi. Bó bá ti rẹ̀ yín, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì padà sí Òṣogbo. Ẹnikẹ́ni kò ní fi yín ṣẹ̀sín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ìkìrun ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí, Ìbàdàn ni èmi ń gbé. Ìtàn ogun Jálumi àti ogun Kírìjì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn ogun náà. Ṣé ọjọ́ méjì tó? – Ọmọ Àgúnbẹ́ Onílé Obì, Ìbàdàn

Ọjọ́ méjì tó, àbúrò mi, bí ẹ kò bá kánjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́: ìbéèrè yín ló mú kí n jókòó kọ̀wé lálẹ́ yìí.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ gbéra ní Òṣogbo, kí ẹ gba Ìràgbìjí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú sókè, àpáta á máa yọrí láàárín oko. Ọ̀nà oko tó gbòòrò tó fún ẹni méjì láti gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wà níbẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó ti dà bíi páànù ìfọṣọ, gegele kéékèèké tó tò tẹ̀ léra wọn. Ẹ má jókòó gbagidi sórí sáàdù níbẹ̀. Ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀, kí ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa mì fúnra rẹ̀. Láti Ìràgbìjí, Ìkìrun kò jìnnà mọ́.

Ìkìrun ni ogun Jálumi ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló para pọ̀ dojú kọ ìlú náà. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló kó ogun Ìbàdàn wá gbèjà. Nígbà tí ogun yí, ìhà òkè ni àwọn Ìlọrin sá gbà, odò Ọtìn sì dábùú ọ̀nà wọn. Wọ́n já lu omi. Orúkọ tí a ń pè ní ẹ̀rín-ẹ̀rín lónìí yìí, ikú ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí odò náà, ẹ kọrí sí ọ̀nà tó lọ sí apá Ọ̀fà, kí ẹ sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ lórí afárá, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ óò wò ó, ẹ óò ní, ṣé odò yìí náà ni? Ẹ padà wá nígbà òjò kí ẹ tó dájọ́. Ẹ sùn sí Ìkìrun. Ilé yín náà ni.

Ọjọ́ kejì ló le. Ìkìrun sí Àdá, Àdá sí Ìgbájọ, Ìgbájọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ fi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lé e lórí pẹ̀lú ìsinmi. Ẹ gbé omi lítà mẹ́ta dání lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Òkè Ìgbájọ kì í ṣe òkè ẹnu lásán. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé ìdajì rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í. Ẹ̀yin náà ẹ tì í. Kẹ̀kẹ́ tí a ń tì gòkè pẹ̀lú ìmí tó dáa sàn ju èyí tí a gùn gòkè tí àyà ń já pàpàpà.

Ẹ ó rí ìdí tí Ìbàdàn fi pàgọ́ sí Ìgbájọ bí ẹ bá dúró lókè, tí ẹ wo ìhà ìlà oòrùn. Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àpapọ̀ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó dojú kọ Ìbàdàn, wà lọ́hùn-ún, òkè sí òkè ni wọ́n ń wo ara wọn. Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì yìí bẹ̀rẹ̀, ọdún 1893 ni àgọ́ túká. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ dàgbà di jagunjagun níbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sínú àgọ́ náà lọ́dún 1885. Ìró ohun ìjà òyìnbó tí Èkìtìparapọ̀ rà ló fún ogun náà lórúkọ: kírìjì, kírìjì, láàárín àfonífojì tí ẹ óò fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Nígbà tí ó wá sú gbogbo wọn, àwọn Ẹni-Ọ̀wọ̀ Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, ní orúkọ gómìnà Èkó. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1886. Àwọn tó ń ka ìtàn yìí nínú ìwé kì í sábà ro ohun tó kàn yìí. Ìlú mẹ́rin ni àdéhùn náà dárúkọ pé kí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí ẹni tí kò bá fẹ́ níbẹ̀ sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ. Ọ̀nà yín gba méjì nínú rẹ̀ kọjá, ẹ sì lè yà sí méjì tó kù bí ẹsẹ̀ bá gbà á. Ẹ rò ó wò. Ẹnì kan jí láàárọ̀, wọ́n ní ó lè dúró tàbí kó máa lọ. Ọ̀nà yangí tí ẹ wà lórí rẹ̀ yìí ni ẹni tó yàn láti lọ gbà, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò àti ọmọ lẹ́yìn. Bí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, àwọn yẹn ni mò ń rò ju àwọn balógun lọ.

Bí ẹ bá dé Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ lọ kí ààfin. Ẹ mú obì dání. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ti ń bọ̀, wọ́n á fi ẹni tó mọ ilẹ̀ fún yín. Àwa tí a dé láì kí ẹnikẹ́ni nígbà àkọ́kọ́, igbó la rí. Nígbà tí a padà wá, tí a kí wọn, bàbá kan fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi kan, ó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni.” Mo ti kọjá níwájú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì padà. Ẹ má fi alẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní àwọn òkè wọ̀nyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ju oúnjẹ lọ. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní kì í ṣe nǹkan obìnrin, pé yóò ba ara rẹ̀ jẹ́. Kí lẹ rí sí i? – Màmá Ṣadé, Òkèfìà

Ẹ jẹ́ kó gùn ún, màmá wa. Kò sí ohun tí kẹ̀kẹ́ ń bàjẹ́ lára obìnrin. Ohun tó ń pa ọmọ lára ni sáàdù tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù. Kó jókòó sórí rẹ̀, kó gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dálì nígbà tí pẹ́dálì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ẹ ra akoto fún un, kó wọ ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀, kó má baà wọ ṣéènì. Kó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, n ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lẹ tíúbù, ọ̀fẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, oṣù wo ló dára jù? Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun? Àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù àwọn ajínigbé, kí ni ká ṣe? – Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin, Igbóǹnà

Oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni tèmi. Òjò ti lọ, ilẹ̀ ṣì dì, ọyẹ́ kò tíì dé. Bó bá di oṣù kejì, yangí á ti fọ́ di ìyẹ̀fun, wíìlì iwájú á máa rì. Oṣù kẹfà sí ìkẹwàá jẹ́ ti ẹrẹ̀. Amọ̀ pupa yẹn á kó sáàárín táyà àti fìrémù títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́, ẹ óò wá rù ú léjìká. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ wà lóòótọ́, ẹ lè fi jáde, àmọ́ ẹ fi igi kékeré kan sápò fún yíyọ ẹrẹ̀.

Ní ti Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun: mo fẹ́ràn ọ̀nà náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìlú Erinlẹ̀ ni Ìlobùú, odò rẹ̀ sì ń ṣàn. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlù ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ilé. Ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí, ọkàn mi sì bàjẹ́ sí i, nítorí mo ní àna níbẹ̀. Ẹ má lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an.

Ní ti ààbò, ẹ má dá lọ. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà fún ẹni tó wà nílé. Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tàbí Àmọ̀tẹ́kùn bí iwájú ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà náà á ṣì wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tí nǹkan bá kán nínú igbó ńkọ́? – Olùkọ́ kan, Ìkìrun

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín Àdá àti Ìgbájọ. Igi gbígbẹ kan wọ wíìlì ẹ̀yìn, ó fa apá tó ń gbé ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn, ó sì kán an. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé abúlé kan, mo béèrè alágbẹ̀dẹ. Bàbá náà kò tíì fọwọ́ kan irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n yí i wò, wọ́n ní, “Èwo ni kò wúlò mọ́?” Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé ṣéènì lé owú, wọ́n fi ìṣó tí wọ́n ti pọ́n lu píìnì kan jáde, a yọ ojú ṣéènì mẹ́jọ, a so ó padà sórí gíà kan ṣoṣo tó wà láàárín. Wọ́n fi ọmọ owú lu píìnì náà padà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì ń tẹ̀. Wọn ò gba owó, iṣu ni mo gbé lọ fún wọn nígbà tí mo padà. Gíà kan ṣoṣo yẹn gbé mi délé.

Nítorí náà: tíúbù kan, rọ́bà tí a fi ń lẹ tíúbù àti súlúṣọ̀n rẹ̀, pọ́ǹpù ọwọ́, sípánà, irin tí a fi ń já ṣéènì, wáyà díẹ̀, àti owó kékeré. Ẹ má sọ pé ó wúwo.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Raleigh ọkọ mi tó di olóògbé wà nínú àká, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òun ni wọ́n fi ń kó obì wá sọ́jà. Ọmọ ọmọ mi fẹ́ máa gùn ún. Ṣé ó tún lè rìn? – Ìyá Àgbà, Ìràgbìjí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi. Ó lè rìn. Ẹ ní kí ọmọ náà má fi yanrìn ha á, kó má sì kun ún lọ́dà. Kó fi epo pa ìpẹtà rẹ̀, kó fi ọ̀rá pa sáàdù awọ náà lábẹ́, kó má sì gùn ún títí n ó fi rí i. Bíréèkì onírin gbọọrọ tó wà lára rẹ̀, mo ṣì ní rọ́bà rẹ̀ nínú páálí.

Kí ó nu ẹ̀gbẹ́ táyà, kó wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Bó bá ka íńṣì 28 lọ́nà 1½, irú èyí tí bàbá mi lò nìyẹn. Ní ìwọ̀n ti òde òní, 40-635 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀: mílímítà 40 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìrèé yẹn bí ẹ bá rí i, ìyá mi. Ìwọ̀n táyà kẹ̀kẹ́ tó ń wù ú lórí fóònù náà ló wà lára èyí tí ọkọ yín fi kó obì gba ọ̀nà Ìràgbìjí. Ọjọ́rú ni kí ọmọ náà gbé e wá, ṣọ́ọ̀bù kì í kún lọ́jọ́ náà.